Àjẹkù Bàbá Ramatou

Dókítà ní kí ẹnì kan máa jókòó ti aláìsàn títí abọ́ á fi ṣófo.

Ramatou ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún àti Souleymane bàbá rẹ̀ ló dojú kọra, abọ́ iyán kan láàárín wọn.

Bàbá ń dá àpárá bí ẹni tó wà lórí ìtàgé.

"Iyán rèé àbí òkè Savè? Ẹni tó bá gùn ún dókè á rí ìlú Parakou!"

Ramatou kò rẹ́rìn-ín.

Ẹnu Souleymane ń ṣeré, ọkàn rẹ̀ ń dá a lẹ́bi. Òun ló kó ọmọ sí wàhálà yìí.

Ìyá Sylvie aládùúgbò yọjú lójú fèrèsé.

"Bàbá rere! Àgbà tí kì í jẹ tirẹ̀ tán, tó ń ṣẹ́ oúnjẹ kù fún ọmọ!"

Ọdún mẹ́ta rèé tí wọ́n ti ń yìn ín báyìí.

Ìyá Sylvie lọ tán, Souleymane rọra ti abọ́ síwájú Ramatou.

"Gbà, jẹ ẹ́."

Ramatou tì í padà. Omijé lé ròrò sójú rẹ̀.

"Bàbá, ẹ̀yin ni mo jókòó tì. Dókítà ní àìsàn yín ni pé oúnjẹ ń bà yín lẹ́rù. N kò gbọdọ̀ gba àjẹkù yín mọ́."

Ọdún mẹ́ta ni Souleymane ti ń ti oúnjẹ rẹ̀ sí ọmọ láti fi bo àìsàn ara rẹ̀ mọ́lẹ̀.

"Òkèlè kan péré, Bàbá. Ẹ jẹ́ ká jọ máa gun òkè yìí."