Lúdò Tí Kì Í Jẹ́ Kí N Borí

Bàbá àwọn ọmọ mi ṣì wà láyé nígbà náà.

À ń ta lúdò lórí fóònù rẹ̀. Ó ku ọmọ kan ṣoṣo kí n borí, lúdò bá kú pii!

"Kì í ṣe èmi o, ìyàwó. Àwọn tó ṣe é ni kí o bú."

"Ẹ kọ̀wé sí wọn! Lọ́jọ́ tí mo bá borí yín, mi ò ní bá yín ta mọ́ láéláé."

Ó kọ̀wé. Ó ka èsì fún mi: "Wọ́n ní àwọn ò tún un ṣe mọ́."

Mo bú wọn títí, mo tún jókòó.

Ọdún mẹ́ta la fi ta á bẹ́ẹ̀!

Àfi ìgbà tí ọmọ-ọmọ mi ṣí fóònù náà, tó rí ohun tí ọkọ mi kọ sí àbúrò rẹ̀:

"Mo tún ti pa lúdò mọ́ ìyàwó mi lọ́wọ́. Bó bá borí, ta ni yóò máa jókòó tì mí?"

Ọjọ́ tí ọkọ mi kú gan-an la rí ọ̀rọ̀ yẹn.