Omi Tí Bàbá Fi Fìlà Bù

Ọdẹ ayé ìsinsìnyí kì í gbé ìbọn mọ́. Ìgò ló ń gbé. Bàbá Ọdẹ́jìnmí bu omi odò wá láàárọ̀, Mobọ́ládé onísáyẹ́ǹsì sì dà á sínú ẹ̀rọ tó ń dárúkọ gbogbo ẹranko tó bá ti fara kan omi.

“Ẹtu,” ni ẹ̀rọ wí. “Òkété. Edun.”

Mobọ́ládé fò sókè. “Edun kẹ̀! Bàbá, ogún ọdún rèé tí edun ti tán nígbó yìí!”

Inú Bàbá fẹ́ máa dùn, ló bá rántí. “Mo gbàgbé igbá sílé,” ló wí jẹ́ẹ́. “Fìlà ni mo fi bu omi sígò.”

Ó ṣí fìlà awọ edun tí baba rẹ̀ rán. Omi ṣì ń ro tótó lára rẹ̀. Edun tó gbẹ̀yìn nínú igbó yẹn, orí Bàbá ló wà.