Ìkà Tó Ń Sọ̀rọ̀ Jẹ́ẹ́jẹ́

Ẹ sún mọ́ mi, ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ jẹ́ kí n fi ìtàn kan pa yín lẹ́rìn-ín.

Òṣèré kan dọ̀bálẹ̀ gbalaja ní pálọ̀ bàbá Àwáwù, ní Ìgànná. Àwáwù ló wá fẹ́. Bàbá yìí ti lé àwọn tó ń fẹ́ ọmọ rẹ̀ jáde títí, kò tiẹ̀ rántí ojú ẹnì kankan nínú wọn mọ́.

"Gbogbo ìlú ló rí ọ lórí ìtàgé lánàá, tí o gba oko lọ́wọ́ opó. Ìkà èèyàn ò fẹ́ ká rẹrù ká sọ̀. Ṣé irú rẹ ni n ó fún lọ́mọ?"

"Eré ni, bàbá. Àwọn kan a máa pariwo, wọn a máa ranjú. Èmi ò jẹ́ ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá le ní tòótọ́, jẹ́ẹ́jẹ́ ló ń sọ̀rọ̀."

"'Kò burú' tí o máa ń fà gùn kí o tó ṣìkà ńkọ́? Ó dẹ́rù bà mí. Ta lo ti gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀?"

Òṣèré wolẹ̀. "Bàbá kan ni. Ohun tó wí nìyẹn lọ́dún tó kọjá, kó tó lé mi jáde nílé rẹ̀."

"Ìkà gidi lonítọ̀hún!" Bàbá fọwọ́ pa irùngbọ̀n, ó rò ó síwá sẹ́yìn, ó wá ní, "Kòòò burú."

Ìyá Àwáwù, tó ń yan gàrí lẹ́yìnkùlé, gbọ́ ohùn náà láìrí ẹni tó sọ̀rọ̀, ó kígbe: "Ọkọ Àwáwù, ó tó o! Ìkà àná ti tó wa, má tún bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ nínú ilé!"

Bàbá tún wo òṣèré dáadáa, ó wá rántí ojú rẹ̀.

Àwáwù fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́ fún mi, lọ́jọ́ tí mo lọ kí i nílé òṣèré náà, tí ìkà ń gúnyán fún wa.