Owó Ìtọ́jú Màmá

Káfíńtà náà fọwọ́ lu tábìlì akọ̀wé báńkì. "Ọjọ́ mẹ́sàn-án rèé tẹ́ ẹ ti gbẹ́sẹ̀ lé àkáǹtì mi! Ta ló ní mo lu jìbìtì?"

Akọ̀wé wo kọ̀ǹpútà. "Ẹni tó fowó ránṣẹ́ sí yín ni, sà. Ó ní irọ́ lẹ pa pé ìyá yín ń ṣàìsàn. A ti ṣèwádìí, a ti ṣí i báyìí."

Káfíńtà fa fóònù rẹ̀ yọ. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ọmọ ìyá rẹ̀ gan-an, ló fowó náà ránṣẹ́. Ó pè é.

"Ẹ̀gbọ́n mi, mo fẹ́ dá owó yín padà."

Ẹ̀gbọ́n bú sẹ́rìn-ín. "Àṣírí tú, àbí? Mo mọ̀ pé ara Màmá le."

"Wọ́n dákẹ́ láàárọ̀ yìí. Ọsibítù ni mo ti ń bọ̀."