Àga Ẹlẹ́rìn-ín

Nọ́ọ̀sì náà gbé báàgì rẹ̀ lé àga tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹni méjì ti bi í bóyá ẹnìkan ló ni ín, ó ní bẹ́ẹ̀ ni, ọ̀rẹ́ òun ń bọ̀ lọ́nà.

Orí fóònù ni wọ́n ti ń kẹ́kọ̀ọ́ ní yunifásítì yìí, òní sì ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ máa kọ́kọ́ fojú kojú. Ọ̀rẹ́ náà, tó ń pe ara rẹ̀ ní Ẹlẹ́rìn-ín, ti ní òun á fi ìborùn pupa borí. Òun ni kò jẹ́ kí nọ́ọ̀sì fi ẹ̀kọ́ sílẹ̀ nígbà tí gbogbo rẹ̀ sú u. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má fi èmi nìkan sílẹ̀ síbí o," ló máa ń kọ sí i.

Àṣìṣe kan ló sọ wọ́n di kòríkòsùn. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, nọ́ọ̀sì kánjú kọ̀wé sí i lórí fóònù láìfi àmì sórí ọ̀rọ̀: "Oko mi ku loju ona." Ọkọ̀ tó ń gbé e lọ síbi iṣẹ́ ló ń wí. Ẹlẹ́rìn-ín kà á sí ọkọ.

"Ha! Ẹ kú ara fẹ́ra kù, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹkún ni mò ń sun níbí."

Kí nọ́ọ̀sì tó ṣàlàyé, onítọ̀hún ti ń ròyìn bí ọkọ tirẹ̀ náà ṣe kú. Ojú ti nọ́ọ̀sì, ó gbé ọ̀rọ̀ náà mì. Ọkọ rẹ̀ gan-an kò gbọ́ pé wọ́n ti sin òun. Ní gbogbo ayé, Ẹlẹ́rìn-ín nìkan ló mọ̀ ọ́n sí opó.

Olùkọ́ tó ń ṣèwádìí, ọkùnrin oníwà pẹ̀lẹ́ kan, pín ìwé ìbéèrè. Ó fẹ́ mọ̀ bóyá akẹ́kọ̀ọ́ orí ẹ̀rọ máa ń rò pé òun dá wà, tàbí pé òun lẹ́nìkan. Wọ́n á fi máàkì sí i, láti oókan dé aárùn-ún.

Nọ́ọ̀sì tún wo ẹnu ọ̀nà. Kò sí ìborùn pupa. Ó dùn ún wọra. Ṣé bí ọ̀rẹ́ ṣe ń dalẹ̀ ọ̀rẹ́ nìyí? Síbẹ̀, níbi tí wọ́n kọ ọ́ sí pé "Ẹnìkan wà níbí tó mọ̀ mí dénú," ó fi aárùn-ún sí i, torí òótọ́ ni.

Ó gbé báàgì kúrò lórí àga. Níta, ọkọ rẹ̀ ti ń tẹ họ́ọ̀nù.

Olùkọ́ gba ìwé náà, ó ka orúkọ rẹ̀, ó rí aárùn-ún, ó rẹ́rìn-ín, ó sì rọra fi ọwọ́ méjèèjì di ọwọ́ rẹ̀ mú: "Ẹ kú ara fẹ́ra kù, ẹ̀gbọ́n mi."