Kọfí Inú Ẹtà

Olùrajà gun òkè Takengon, níbi tí wọ́n ti ń gbin kọfí, wá pẹ̀lú èsì àyẹ̀wò kọfí náà, ó ń rẹ́rìn-ín.

"Baba Mahara, ẹ kú oríire! Ásíìdì inú kọfí yín fi hàn pé ojúlówó ni. Ẹtà ló jẹ ẹ́, ẹtà ló ṣu hóró rẹ̀ jáde!"

"Ẹ ò rí i? Ẹ ti fẹ́ máa pè mí ní oní-gbájúẹ̀."

"Ẹ má bínú. Ti ẹtà igbó nìkan làwọn oníbàárà mi ń mu. Inú igbó lẹ ti ń ṣà á, àbí?"

"Abẹ́ igi ni. Ọlọ́run gbọ́."

"Kó máa pọ̀ sí i! Ìyá Mahara, ẹ ṣàmín o!"

Ìyàwó Baba Mahara la ẹnu, àmín ò jáde.

Lẹ́yìn ilé ìdáná, nínú àgò onírin tí obìnrin náà fúnra rẹ̀ tì láàárọ̀, ẹtà tí wọ́n há mọ́ ibẹ̀ ti ń jẹ ẹsẹ̀ ara rẹ̀.