Àtẹ́lẹwọ́ Ara Ògiri

Ọ̀gá là á yé afinimọ̀nà láàárọ̀ ọjọ́ náà, kí wọ́n tó ṣí ilé olódi etí òkun fún àlejò. Pátákó ẹnu ọ̀nà sọ pé àwọn òyìnbó amúnisìn ló kọ́ ọ ní ọ̀ọ́dúnrún ọdún sẹ́yìn.

"Bí irọ́ bá lọ fógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òótọ́ máa bá a. Bí àlejò kan bá tún ká irọ́ mọ́ ẹ lẹ́nu, kó ẹrù ẹ máa lọ sílé. Èmi fúnra mi máa tẹ̀ lé yín lónìí."

Ọkàn afinimọ̀nà ò balẹ̀. Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni ìyàwó rẹ̀ bí ìbejì. Ṣùgbọ́n ẹnu tó ti dùn ju iyọ̀ lọ, kò mọ bí wọ́n ṣe ń dákẹ́.

Àlejò mẹ́sàn-án ló wá. Bàbá arúgbó kan wà láàárín wọn tó ki ọwọ́ ọ̀tún bọ àpò. Ní ẹnu ọ̀nà, àtẹ́rígbà gbá gbogbo wọn níwájú orí, títí kan ọ̀gá. Bàbá nìkan ló ti tẹrí ba kó tó débẹ̀. Lórí àtẹ̀gùn, ó ní, "Ẹ rọra o, ìkarùn-ún ga ju ìyókù lọ." Bẹ́ẹ̀ ló sì rí.

"Bàbá, ṣé ẹ ti wá síbí rí ni?" afinimọ̀nà bi í.

"Ó ti pẹ́ díẹ̀."

Ara fu afinimọ̀nà. Nígbà tí wọ́n dé yàrá ẹlẹ́wọ̀n, ó nawọ́ sí ipa àtẹ́lẹwọ́ kan tó wọ inú ògiri, ìka mẹ́rin péré.

"Ọwọ́ yìí ni ẹlẹ́wọ̀n kan fi ti ògiri títí ẹ̀mí fi bọ́ lára rẹ̀. Gómìnà òyìnbó ló gé ọmọńdinrin rẹ̀, nítorí ó fi tọ́ka sí fìlà gómìnà."

Obìnrin méjì bú sẹ́kún. Bàbá bú sẹ́rìn-ín.

Ọ̀gá sún mọ́ ọn. "Bàbá, kí ló pa yín lẹ́rìn-ín? Àbí irọ́ ló ń pa?"

Ojú àwọn ìbejì ni afinimọ̀nà ń rí.

"Irọ́ kẹ̀?" ni bàbá dáhùn. "Bó ṣe sọ ọ́ gan-an ló rí. Ẹ má jẹ́ kí ọmọ yìí bọ́ mọ́ yín lọ́wọ́ o."

Ọ̀gá rẹ́rìn-ín músẹ́, ó fọwọ́ pa iwájú orí rẹ̀ tó wú, ó sì kó àwọn àlejò yòókù jáde. Afinimọ̀nà dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Bàbá, ẹ ṣé gan-an ni. Irọ́ ni mo pa o. Mi ò mọ ẹni tó ni ọwọ́ yẹn rárá."

Bàbá yọ ọwọ́ ọ̀tún nínú àpò, ìka mẹ́rin, ó gbé e lé ipa àtẹ́lẹwọ́ náà, ó sì bá a mu rẹ́gí. "Sìmẹ́ǹtì ò tíì gbẹ nígbà tí mo fara tì í," ó ní, "lógún ọdún sẹ́yìn, nígbà tí òkun gbé ojúlówó ilé olódi lọ, tí wọ́n ní kí n sáré kọ́ òmíràn kí àwọn àlejò tó dé."